Búlọ́ọ̀kù Lowó Ìwọlé

Èmi ni mo dúró sẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà,
èmi Rótìfá, tí gbogbo Ìsìnkàn mọ̀ sí onínúfùfù.
Wọ́n ní kí n má gba náírà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ilé ìgbẹ̀bí ni Ìbídàpọ̀ olórin fẹ́ tún kọ́,
búlọ́ọ̀kù lowó ìwọlé,
ẹyọ kan, ẹni kan.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni n kò tíì rí?
Mo ti rí olórin tó gbé ìrẹsì wá fáwọn opó,
tó dúró ti àpò títí kámẹ́rà fi ṣẹ́jú,
tí ọkọ̀ rẹ̀ sì tún gbé àpò mẹ́ta padà sílé.
Mo ní orin ni Ìbídàpọ̀ náà ń tà,
ó kàn fi sìmẹ́ǹtì pọ́n ọn bí ẹ̀kọ ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn rọ̀ díẹ̀,
mo wo ìsàlẹ̀ ọ̀nà Arákàlẹ̀,
mo rí orí, mo rí orí, mo rí orí,
búlọ́ọ̀kù lórí gbogbo wọn, bí ẹni ń kó ìlú lọ síbòmíràn.
Télọ̀ gbé tirẹ̀ sórí òṣùká aṣọ àjákù.
Ọlọ́kadà so tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bí èrò tí kò ní í sanwó.
Àwọn ọmọ Fútà ń sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ń mí, wọ́n tún ń gbé e.
Tọkọtìyàwó kan ń jà
nítorí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé.

Ọnọ́rébù rán tírélà.
Ẹgbẹ̀rún búlọ́ọ̀kù, orúkọ rẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan,
wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì tutù.
Dírẹ́bà ń fọn fèrè, ó ní kí n ṣí géètì gbayawu.
Ìbídàpọ̀ gbé gìtá sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle,
bàtà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lásán nínú ẹrẹ̀,
ó ní, "Ẹ bá mi kí Ọnọ́rébù. Ẹ ní mo dúpẹ́.
Ẹ ní kó gbé ẹyọ kan, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá,
àyè rẹ̀ wà níwájú."
Tírélà fẹ̀yìn rìn dé títì.
N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan dé.
Àbọ̀ búlọ́ọ̀kù ló mú wá, ó fi ìborùn wé e bí ìkókó.
Mo ní, "Ìyá, òfin ni òfin, odindi là ń gbà."
Ó fi Àkúrẹ́ ìjìnlẹ̀ bú mi,
èébú tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí màmá mi ti kú.
Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ilé ìgbẹ̀bí yẹn ni ọmọ mi kú sí.
Òjò ń rọ̀ lé e lórí bẹ́ẹ̀dì,
nọ́ọ̀sì fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú.
Àbọ̀ yìí ni mo ṣà lára ògiri tó wó.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tọ́jú rẹ̀.
Odindi wo lo tún fẹ́?"

N kò gbé e sórí òkìtì pẹ̀lú ìyókù.
Mo gbé e sórí àga mi,
èmi fúnra mi wá dúró.

Ẹ má bi mí léèrè orin tó kọ.
Ẹnu géètì ni mo wà, afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn gba ibòmíràn lọ.
Iye tó ń kà láàárín orin sí orin nìkan ni mo gbọ́:
"Ẹgbẹ̀ta lé mẹ́rìnlá," ó dákẹ́,
"àti àbọ̀."

Òru jìn kí n tó délé. Ẹ̀yìn ń ro mí.
Ìgbà tí mo fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ni mo rántí
pé èmi tí mo gba ti gbogbo ayé,
ọwọ́ òfo ni mo fi wọlé.
Mo jí ìyàwó mi kó bá mi tan iná.
Iyanrìn kù lẹ́yìn ilé, sìmẹ́ǹtì kù nísàlẹ̀ àpò,
mo pò ó, mo kì í sínú àpótí, ó wọ́ lápá kan.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bu omi wọ́n ọn,
mo ń lé adìẹ, mo ń lé ọmọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé e sórí, mo lọ.
Kò sẹ́ni tó dúró sẹ́nu géètì láti gbà á.