Àga Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹkùn

Ẹ má tíì gbé e.
Ẹ jẹ́ kí n dojú rẹ̀ délẹ̀ ná,
kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dá owó lé e.

Ẹ ní àga òyìnbó ni.
Ẹ tan iná fóònù sí i lára, ẹ ń pe ọdún rẹ̀
bí ẹni ń wo eyín ẹṣin lọ́jà.
Kàbà níbí ni wọ́n ti kàn án.
Ọ̀gànwó tó wà létí oko wa lọ́nà Ìyàrá ni,
igi tí àwọn ọmọdé ń sá òjò sí lábẹ́.
Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló gé e, ọlọ́pàá dúró tì wọ́n.
A ò rí kọ́bọ̀ gbà.

Arókoyọ̀, baba ìyá mi, ni káfíńtà.
Ajẹ́lẹ̀ na ìwé aláwòrán sí i,
ògbufọ̀ ní, “Bí èyí gẹ́lẹ́”:
àga ọlọ́wọ́ méjì,
ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹsẹ̀ kìnnìún.
Ta ló rí kìnnìún rí ní gbogbo àdúgbò wa?
Bàbá rántí ẹkùn kan tí àwọn ọdẹ gbé wọ̀lú
nígbà tó wà lọ́mọdé,
bí èékánná rẹ̀ ṣe sá wọnú ẹran,
bí ọ̀bẹ tó sùn nínú àkọ̀.
Ohun tó mọ̀ ló gbẹ́.

Ajẹ́lẹ̀ jókòó, ó ní kìnnìún náà dára púpọ̀.
“Ẹ ṣé, sà.”
Ìyé Ayédùn sọ fún mi pé
ẹ̀rín ni bàbá rín délé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ wò ó. Ilà mẹ́ta.
Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìyẹn,
tó kọ síbi tí ìdí ajẹ́lẹ̀ kò ti lè kà á.

Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ ń padà sílé,
ó gbé ilẹ̀kùn yàrá bàbá-ńlá wa lọ,
èyí tí wọ́n gbẹ́ ẹlẹ́ṣin àti ejò sí lára.
Ó ní ẹ̀bùn ni.
Mi ò tíì pàdé ẹni tó fún un.
Ọdún mẹ́ta ni ẹní fi dí ẹnu ọ̀nà yẹn,
atẹ́gùn ń gbé e sókè bí ìṣẹ́tí aṣọ.
Àga ló fi sílẹ̀. Ó wúwo jù.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, àwa náà mú nínú tiwọn.
Ní Bùnú, àwọn ìyá tú kúbùsù pupa ọsibítù
fọ́nrán fọ́nrán,
wọ́n fi hun aṣọ ipò tí a fi ń sin olóyè.
Ohun tó ti bo aláìsàn rí
di ẹ̀yẹ òkú.
Bí a bá gbé ẹjọ́ yẹn dé kóòtù,
ta ni adájọ́ máa dá pupa náà fún?

Ó dáa. Ẹ mú bírò yín.
Ẹ kọ ọ́ kí n rí i: Arókoyọ̀, Kàbà.
Ẹ kọ ẹkùn. Ẹ má kọ kìnnìún.
Lẹ́yìn náà ẹ jókòó, ká sọ̀rọ̀ owó;
òrùlé ilé ìdáná ń jò.