Egungun Tó Ṣẹ́

Egungun ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe egungun.
Ẹnu àbùùbùtán ni wọ́n ti fà á yọ,
níbi tó so rọ̀ sí bí ọwọ̀ lára àjà,
ajọ̀ tí ẹran ńlá náà fi ń sẹ́ òkun.
Ẹ̀gbọ́n mi Jábésì wà lára àwọn tó ń fi àáké gé e
lórí omi dídì, ní ìhà àríwá pátápátá.
Ó ní bí ẹran náà bá mí,
ó máa ń dún bí ilé tó ń jóná tí wọ́n bu omi lù.

Èmi wà ní Portsmouth, ní yàrá òkè Kezia Pannell,
àwa mẹ́sàn-án lábẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo.
Inú omi gbígbóná la ń rẹ ẹ́ sí kó tó gbà fún ọ̀bẹ;
òórùn rẹ̀ a bá wa délé, a bá wa dé ṣọ́ọ̀ṣì.
Ìrépé aṣọ méjìlá, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì,
aṣọ líle tí abẹ́rẹ́ ń bẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́.
Ruth Dyer ló ń rán ojú ihò tóóró sí i,
èmi ni mo ń ti egungun bọ̀ ọ́, mẹ́rìnlélógún,
títí ìka mi fi le bí pátákò.
Irin pẹlẹbẹ méjì níwájú, ìkọ́ márùn-ún,
ojú ihò idẹ lẹ́yìn, okùn gígùn.
Lẹ́yìn náà, òwú pupa lẹ́sẹ̀ egungun kọ̀ọ̀kan
kó má baà gún aṣọ jáde.
Àwọn èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ìdè ni.
Ajọ̀ tó sẹ́ òkun rí wá ń sẹ́ èémí:
èyí tó kúnná nìkan ló ń kọjá.

Nígbà ayé ìyá màmá mi, igi ni wọ́n ń tì bọ àárín àyà,
igi tí àfẹ́sọ́nà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́.
Bàbá àgbà gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan sí ti ìyá àgbà.
Ọkọ̀ tòótọ́ rì. Ti ara igi ṣì ń lọ.
Mo ti wọ̀ ọ́ wò rí: ó tutù,
ó mú mi dúró ṣánṣán bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Lóṣù Kọkànlá, kọ́sẹ́ẹ̀tì kan padà wá nínú àpótí,
ti Ìyáàfin Honoria Selwood, ṣẹ́dà aláwọ̀ ewé, ìbàdí ogún íǹṣì.
Egungun kẹta lósì ti dá sí méjì.
Ìwé kékeré wà lórí rẹ̀:
“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Ẹ̀rín ni mo rín.”

Ẹ̀rín! Àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.
Ta ló pa á lẹ́rìn-ín? Nídìí tábìlì wo?
Kí ni ọkọ rẹ̀ wí?
Ruth ní bóyá àlùfáà ló jókòó lé ológbò.
Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń bá a rín in.

Ṣùgbọ́n àbùùbùtán ti ń wọ́n lójú òkun,
ọkọ̀ Jábésì padà dé lófìfo.
Irin ni Pannell ní kí n fi dípò rẹ̀,
irin Sheffield, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn kó má dípẹtà.
Mo tì í wọlé. Ó wọ̀ wẹ́rẹ́.
Irin kì í ṣẹ́ nítorí ẹ̀rín.

Ọdún mẹ́fà rèé.
Bí àpótí kan bá ti dé,
èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sáré tú okùn rẹ̀.