Ogún Ìṣísẹ̀, Gíga Kan

Òjò Eryri kì í wá, kì í lọ, ó ń gbé ibẹ̀ ni.
Ó ń bá wa jí, ó ń bá wa jẹun,
ó ń wọ bàtà Gethin kí Gethin tó wọ̀ ọ́.
Láti oṣù Ẹrẹ́nà la ti ń gbẹ́ etí adágún yìí,
àwa mẹ́fà, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó,
àti òkìtì òkúta pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú
tí àwọn baba ńlá wọn là kúrò lára òkè
tí wọ́n sì dà nù, torí kò dára tó fún òrùlé.

Ohun tí òrùlé kọ̀, ọ̀nà gbà á.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni,
ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ omi yìí tẹ́lẹ̀:
àkàbà onígi mẹ́rin tó gun orí ògiri.
Ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ sókè, ibẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ parí sí,
yóò máa gbọ́ ariwo àwọn tó ti dé omi.

Heulwen ló ń wọn ilẹ̀. Ó ní:
bí ọ̀nà bá lọ síwájú ní ogún ìṣísẹ̀,
kó má gòkè ju ìṣísẹ̀ kan lọ.
Mo rẹ́rìn-ín. Òkè tó dìde dúró bí ògiri,
ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ kó jókòó?
Kò dá mi lóhùn. Ó gbé ìgò omi lélẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀,
ó ní kí n wo ibi tí omi náà ń sá sí.
Báyìí la ṣe ń yí po, tí a ń yí po.
Ibi tí ewúrẹ́ ìbá fò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta,
àwa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta là á.

Ifor Prydderch, alágùntàn,
máa ń dúró lẹ́yìn ògiri rẹ̀, kì í kí wa.
Lọ́jọ́ kan ó la ẹnu:
"Òkè tí kò bá gba òógùn lọ́wọ́ èèyàn, òkè kọ́ nìyẹn.
Èrò ti pọ̀ jù. Bó bá ti di oṣù Ògún,
mọ́tò wọn á dí ẹnu ọ̀nà mi,
ajá wọn á lé ọmọ àgùntàn mi bọ́ sómi.
Ẹ tún wá ń tẹ́ ẹní fún wọn:
ẹlẹ́ṣin, oníkẹ̀kẹ́, alágbọ̀n ọmọ!"
Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí egungun ṣe ń wà nínú ẹja.
A ò lè gbé e mì, a ò lè tu ú nù.
Gethin bu ọbẹ̀ gbígbóná fún un nínú ife. Ó gbà á. Kò dúpẹ́.

Ní oṣù Ọ̀wàrà a yọ àkàbà, a gbé géètì síbẹ̀,
fífẹ̀, tó ń fúnra rẹ̀ padé kí àgùntàn má baà jáde.
Mo gbàgbé ṣọ́bìrì mi sẹ́yìn nírọ̀lẹ́, mo padà.
Mo bá Ifor lórí eékún nínú ẹrẹ̀,
ó ń na ọwọ́ sí ìkọ́ géètì, ó ń fà á,
ó tún ń nà án, bí ẹni tó jókòó.
Ó rí mi. Kò dìde.
"Ìkọ́ yín fi àtẹ́lẹwọ́ kan ga jù," ló wí.
N ò bi í pé fún ta ni.
Ní àárọ̀ a sọ ìkọ́ náà kalẹ̀.

Ó ku ọ̀la kí àwọn aláṣẹ wá gé rìbọ́ọ̀nù.
Mo tètè dé láti gbá ewé.
Lórí òkúta lílọ̀ tó ṣì tutù mo rí ipa táyà méjì, tín-ín-rín.
Ó gba géètì kọjá, ó bá ọ̀nà yí gbogbo yíyí rẹ̀,
ó dúró níbi tí a fẹ̀ fún ìsinmi,
ó tún lọ, títí dé etí omi.
Ipa bàtà ńlá kan bá a lọ, àti ti ajá.
Kò sí lẹ́yìn, bíi ti ẹni tó ń ti nǹkan.
Ẹ̀gbẹ́ ló wà, ó ń rọra rìn.

N ò gbá ibẹ̀.
Mo gbé ìgbálẹ̀ kọ́ èjìká, mo dúró
títí òjò onílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún un.