Ìka Mẹ́wàá

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo wọkọ̀ ní Káwo,
Kàdúná ṣì ń sùn, ọyẹ́ ń gé ètè ẹni.
Fáìlì mi wà lábẹ́ abíyá
bí ọmọ tuntun tí wọn ò tíì sọ lórúkọ:
ìwé ìrìnnà, ìwé báńkì oṣù mẹ́fà, òǹtẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan,
ìwé ìkésíni láti ọwọ́ Fọlárànmí
tó bímọ obìnrin sí Wínípẹ̀gì,
níbi tí yìnyín ti ń ga dé ojú fèrèsé.
Fótò méjì. Ayàwòrán ní n má rẹ́rìn-ín.
Mo ní, ẹ̀rín wo?

Ọjọ́ ìbí mi, kóòtù la ti lọ wá a.
Ìyá mi sọ pé ọdún tí eṣú jẹ oko ọkà ni.
Akọ̀wé ní òun ò béèrè eṣú, ọjọ́ kẹlòó nínú oṣù wo?
Mo wo kàlẹ́ńdà ara ògiri rẹ̀,
mo mú ọjọ́ kan tó wù mí.
Ó lu òǹtẹ̀. Bí mo ṣe di ọmọ ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta nìyẹn.

Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù, ó gún mi bí ẹ̀gún:
kí ni yóò mú ọ padà wálé?
Sàámú tó ń bá mi kọ ọ́ ní ká kọ ilé.
N ò nílé. Yàrá kan ni, ní Túdún Wàdá, owó ọdún ń bọ̀.
Ó ní ká kọ ọkọ.
Ọkọ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní itẹ́ òkú lẹ́yìn rélùwéè,
kò sì ní kúrò níbẹ̀.
Ó ní ká kọ iṣẹ́.
Mo ní, kọ ọ́: alágbàfọ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Kọ ọ́ pé babanrígá Àlájì Dànládì mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi,
pé àbàwọ́n obì wà láyà ọ̀kan, kò tíì jáde,
pé n ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Sàámú wò mí títí. Ó kọ: *òwò*.

Ní Àbújá, a tò bí ẹni tó fẹ́ gbomi.
Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n gba omi inú ike mi.
Ọmọdébìnrin kan ní, Màmá, ìka mẹ́rin ọwọ́ ọ̀tún.
Mo gbé e lé dígí. Iná pupa.
Ẹ nù ún. Mo nù ún mọ́ ìró. Pupa.
Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo tẹ̀ ẹ́
bí ẹni ń fún omi kúrò lára aṣọ ibùsùn. Pupa.
Ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀:
"Màmá, níbo ni ìlà ìka yín lọ?"

Níbo ló lọ?
Ó bá ọṣẹ lọ. Ó wà lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì àwọn sójà bárékè.
Ó wà nínú gọ́tà Túdún Wàdá, ó ń fófòó lọ sódò.
Owó ìdánwò Fọlárànmí, ìlà kan.
Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù rẹ̀, gbogbo àtàǹpàkò.
Ohun tí mo ní yóò mú mi padà
ni kò jẹ́ n lọ.

Wọ́n ní n sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n máa fòrí pa á,
n má fọwọ́ kan ọṣẹ.
Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò yà á ní fótò.

Ó di ọjọ́ kejìlá lónìí.
Ládì ọmọ aládùúgbò ló ń bá mi fọ̀; kò mọ búlúù í pò.
Lálẹ́, mo ń gbé ìka sẹ́bàá àtùpà:
ìlà kan ti ń hù, tín-ín-rín, bí ipa èèrà nínú iyanrìn.
N ò tíì sọ fún Fọlárànmí.
Ó pè, ó gbé ọmọ sójú fóònù,
ọmọ tẹ ìka mẹ́rin mọ́ dígí, ojú rẹ̀ pòórá.

Àlájì ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí: aṣọ òun dà?
Mo tú u jáde. Obì ṣì wà láyà rẹ̀.
Bàsíà wà níbẹ̀. Omi wà níbẹ̀.
Ọwọ́ ń yún mi.