Tábìlì Omi

Norris Entwistle kì í sáré.
Bọ́ọ̀sì tó bá ti ṣí, ti ẹlòmíràn ni;
yóò dúró de èyí tó ń bọ̀, yóò máa jẹ búrẹ́dì.
Ọdún méjìlélógún ló fi dúró nídìí òróró gbígbóná
ní ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín létí òkun Morecambe,
èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń gé ọ̀dùnkún.
Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀,
á kí wa tán kí òun tó dé.

Lọ́jọ́ kan, Glenys Huddart yà wá ra ẹja,
Glenys tó ń tún aago ṣe ní òdìkejì títì.
Ó ní, “Èmi ni mo máa wà nídìí tábìlì omi
lọ́jọ́ eré-ìje, ní máìlì kọkànlélógún.
Ìwọ náà ń sáré bí?”

Ẹnu Norris yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ:
“Èmi kẹ̀? Láràárọ̀ ni!”
Mo wò ó.
Ẹja jóná.

Ẹnu ló jẹ gbèsè, ẹsẹ̀ ló máa san án.
Ó ra bàtà aláwọ̀ ọsàn.
Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó sáré dé ọ̀pá iná kẹta,
ó dì mọ́ ọn bí ẹni rí ìbátan tó ti sọnù.
Ajá kan dúró, ó wò wọ́n, òun àti ọ̀pá,
ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè,
ó tọ̀ sára bàtà tuntun.

Oṣù kejì, ó dé ọ̀pá ogún.
Ẹyẹ òkun ń fi í rẹ́rìn-ín lókè,
òjò ilẹ̀ wa yìí, tí kì í rọ̀ kó dá,
ń gba ẹ̀yìn ọrùn wọ inú ẹ̀wù rẹ̀.
Mo fi pọ́n-ùn márùn-ún ta tẹ́tẹ́
pé kò ní dé máìlì kẹwàá.

Ọjọ́ pé. Mo gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, kí n lè ṣọ́ owó mi.
Ọ̀dọ́ kọjá lára rẹ̀. Arúgbó kọjá.
Ọkùnrin kan tó múra bí ìgò mílíìkì
tọrọ gáfárà, ó kọjá.
Ní máìlì kẹwàá, Norris ò dúró, kò wẹ̀yìn;
ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn.
Mo fi pọ́n-ùn márùn-ún sí i.

Kó tó dé máìlì kọkànlélógún, aago márùn-ún ti lù.
Wọ́n ti ká àsíá, wọ́n ti ṣí títì fún mọ́tò.
Glenys nìkan ló kù, ó jókòó sórí tábìlì,
aago mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí èyí tó bá èkejì mu,
ife omi kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù
ló fi kóòtù bò bí ẹyin.

Norris jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
“Glenys, irọ́ ni mo pa. N kì í sáré.”
“Mo mọ̀,” ni Glenys wí.
“Fèrèsé mi ló kọjú sí ọ̀pá iná kẹta.”

Kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan.
Ó ká ẹsẹ̀ tábìlì. Ó ní, “Dìde. Di ibí yìí mú.”
Ó gbé orí kan, Norris gbé orí kejì,
máìlì márùn-ún, bí ẹni ń kó lọ sí ilé tuntun,
mọ́tò ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn,
omi òkun ń padà bọ̀ sórí ẹrẹ̀.

Wọ́n ti tú aago ibi ìparí palẹ̀.
Ọmọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀
ki ìgbálẹ̀ bọ abíyá, ó pàtẹ́wọ́.
Mo bi Glenys pé, “Wákàtí mélòó ló fi sá a?”
Ó wo aago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
“Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú wọn?”

Lọ́jọ́ Ajé, èmi ni mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù:
Ẹsẹ̀ ọ̀gá ò tíì gbà á.
Tábìlì ọ̀hún wà lọ́dọ̀ wa, wọn ò dá a padà.
Orí rẹ̀ ni mo ti ń gé ọ̀dùnkún báyìí.