Ohun Tí Wọn Kò Sọ

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ní Aberllwyd, ilẹ̀ Wéèlsì,
òjò ń kan fèrèsé gbọ̀ngàn bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé.
Èmi ni akọ̀wé. Mo ti to àga mọ́kànlá,
mo ti po tíì, mo ti ṣí páálí bisikíìtì
tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ nawọ́ sí.
Iṣẹ́ mi ni kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ.
Ohun tí wọn kò sọ, wọn kì í sanwó rẹ̀ fún mi.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: èsì ìdánwò àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.
Káńsẹ́lọ̀ Delyth Rosser yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.
"Lọ́dún tó kọjá, ìdá mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ló yege.
Lọ́dún yìí, ó ti di méjìdínláàádọ́ta. A kí yín o."
Haf Bebb, ọ̀gá ilé ìwé, kò rẹ́rìn-ín.
Fáìlì mẹ́ta wà níwájú rẹ̀, bíró méjì,
àti ọwọ́ tí kò mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí.

Ó ní olùkọ́ ìṣirò méjì ti ṣí lọ sí Cardiff.
Ó ní òrùlé yàrá sáyẹ́ǹsì ń jò,
korobá ti di ọ̀kan lára ohun èlò ìkọ́ni.
Ẹnìkan rín ẹ̀rín díẹ̀.
Mo kọ ọ́: Ìgbìmọ̀ gbọ́ nípa ipò tí ilé wà.

Ìgbà náà ni Elwyn Tudge gbé orí sókè.
Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún; ó wa èédú
nígbà tí èédú ṣì jẹ́ oúnjẹ ìlú yìí.
Ogún-ogún ló ń ka nǹkan,
bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ka àgùntàn lórí òkè.
Ó fi ìka lé ìlà kan lójú ewé kẹtàdínlógún:
"Ní oṣù Kẹsàn-án, ọgbọ̀n ọmọ ló wà ní kíláàsì yìí.
Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀kan dín lọ́gbọ̀n.
Ta ni ọ̀kan náà?"

Alága wúkọ́. "Káńsẹ́lọ̀, iye là ń wò níbí, a kì í wo orúkọ."

"Lábẹ́ ilẹ̀," Elwyn ní, "olúkúlùkù ló ní àmì idẹ tirẹ̀.
Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ìṣó kan ṣì ṣófo lára pátákó,
kò sẹ́ni tó ń lọ sílé jẹun."

Haf ṣí fáìlì kejì. Ó tún pa á dé.
Tíì tutù.

Mo mọ ọmọ náà. Rhydian ni, òpópónà kan là ń gbé.
Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni kò fi yọjú sílé ìwé:
ó ń mú ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀,
bọ́ọ̀sì méjì lọ, méjì bọ̀.
Ní oṣù Kejì wọ́n gbé ìwé kan fún ìyá náà kó fọwọ́ sí i,
pé òun fúnra òun ni yóò máa kọ́ ọ nílé.
Obìnrin tí kò lè dá gun àtẹ̀gùn!
Ọmọ náà ń tún ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe ní ẹ̀yìnkùlé,
ó ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò epo àti owó sára ògiri, kì í ṣì í.
Bí a bá yọ ẹni tó lè fìdí rẹmi kúrò lórí ìlà,
ìlà á gòkè. Ìyẹn náà, ìṣirò ni.

Mo lè dìde kí n sọ ọ́. Akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń jẹun nídìí àìsọ̀rọ̀ mi.

Alága ní ká lọ sí ọ̀rọ̀ karùn-ún: ibi ìgbọ́kọ̀sí.
Gbogbo wọn ṣí ewé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹyẹ tó fò.
Ìka Elwyn nìkan ló ṣì wà lórí ìlà.

Mo kọ ọ́ báyìí:
Káńsẹ́lọ̀ Tudge béèrè pé ta ni ọ̀kan náà.
Mo dúró. Mo gbọ́ òjò.
Mo wá fi èyí tí n kò kọ rí kún un:
Kò sí ẹni tó dáhùn.

Lóṣù tó ń bọ̀, alága yóò fọwọ́ sí i,
àfi bó bá kà á.