Ọdún Nagase

Ẹ má bi mí ta ló gba ife lọ́dún náà.
Nagase ni mo rántí:
ìdíje mẹ́rìnlélógún, àbúrò rẹ̀ Shizuno ló ru àpò ọ̀pá,
láti Okinawa tí oòrùn ti ń jó ni lẹ́yìn ọrùn
dé Hokkaido tí kùrukùru ti gbé bọ́ọ̀lù mì.
Ẹ̀ẹ̀mejì péré lowó wọlé.
Wọ́n fi ti àkọ́kọ́ san gbèsè mọ́tò,
wọ́n fi ìkejì jẹ ẹja yíyan, láìsọ̀rọ̀.

Ní Miyazaki, ihò tó kẹ́yìn,
bọ́ọ̀lù yí etí ihò po
bí àlejò tó gbàgbé orúkọ onílé,
ó dúró síta.

Lọ́jọ́ Ajé ó ti wà lóko ọsàn bàbá rẹ̀.
Ìbọ̀wọ́ rẹ̀, tọwọ́ òsì nìkan, rọ̀ sórí okùn;
afẹ́fẹ́ ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.